Ẹ̀tọ́ Ìbọn ní Amẹ́ríkà: Àgbéyẹ̀wò Ìdájọ́ Heller àti Ohun tó Tẹ̀lé e

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2008, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà sọ ohun tí kò sọ rí láti ọdún 1791 tí Àtúnṣe Kejì ti wọ inú ìwé òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Ó ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn, ìbáà wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ìbáà má sí nínú rẹ̀. Ọdún 217 ló wà láàárín. Adájọ́ márùn-ún fọwọ́ sí i, mẹ́rin kọ̀. Orúkọ ẹjọ́ náà ni District of Columbia v. Heller, àwọn amòfin sì ń pè é ní Heller lásán. Èrò mi lórí rẹ̀ kò fara sin. Ìdájọ́ náà fúnra rẹ̀ kò burú tó bí àwọn tó kórìíra rẹ̀ ṣe ń sọ. Àlàyé wà fún un, ààlà sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ìwọ̀n tí àwọn adájọ́ tún gbé jáde lẹ́yìn rẹ̀, pé ìtàn àtijọ́ nìkan ni kí a máa fi wọn òfin òde òní. Ìtàn ta ni? Ta ni wọ́n kà sí ènìyàn nígbà náà?

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Àtúnṣe Kejì, ọ̀rọ̀ 27 ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Apá àkọ́kọ́ sọ pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú tó wà létòlétò ṣe pàtàkì fún ààbò ìpínlẹ̀ tó wà ní òmìnira. Apá kejì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ láti ní ohun ìjà àti láti gbé e. Ẹni tó bá di apá àkọ́kọ́ mú á ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn ìpínlẹ̀ ni òfin náà ń dáàbò bò, kí ìjọba àpapọ̀ má baà gba ohun ìjà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá di apá kejì mú á bèèrè pé: àwọn ènìyàn tí Àtúnṣe Kìíní fún ní ẹ̀tọ́ láti péjọ, tí Àtúnṣe Kẹrin ní kí ìjọba má ṣàdédé tú ilé wọn, ṣé ọmọ ogun ni gbogbo wọn ni?

Kí Heller tó dé, ẹjọ́ Miller ti ọdún 1939 ni àwọn adájọ́ ń tọ́ka sí, ẹjọ́ tó ṣàjèjì ni. Wọ́n mú Jack Miller àti Frank Layton pẹ̀lú ìbọn gígùn tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ kúrú, tí wọn kò sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí òfin ọdún 1934 ṣe pàṣẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, kò sí agbẹjọ́rò kankan tó dúró fún wọn. Ìjọba nìkan ló rojọ́. Kí ìdájọ́ tó jáde, wọ́n ti yìnbọn pa Miller. Ilé ẹjọ́ ní òun kò rí ẹ̀rí pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú, nítorí náà Àtúnṣe Kejì kò bò ó. Orí ẹjọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan yìí ni àwọn ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ dúró lé fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Ní 1991, Warren Burger, Olórí Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí Ààrẹ Nixon yàn, tí kò sẹ́ni tó lè pè é ní ọ̀tá àwọn oníbọn, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé jìbìtì ni ìtumọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ oníbọn ń fún àtúnṣe náà.

Ṣùgbọ́n inú yunifásítì ti ń gbóná. Ní 1989, Sanford Levinson, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn oníbọn, kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé wọ́n ń ṣe bí ẹni pé àtúnṣe náà kò sí nínú ìwé. Ní 1994, Joyce Lee Malcolm gbé ìwé jáde tó tọ ipasẹ̀ ẹ̀tọ́ náà padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1689. Nígbà tó di 2001, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti ẹkùn Karùn-ún, tó ń bójú tó Texas, sọ nínú ẹjọ́ Emerson pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni, síbẹ̀ ó dá ọkùnrin tí ìjọba fẹ̀sùn kàn níbẹ̀ padà lọ́wọ́ òfo. Òfin tó dè é ni èyí tó ka ìbọn léèwọ̀ fún ẹni tí ilé ẹjọ́ ti kìlọ̀ fún nítorí ìwà ipá nínú ilé. Ẹ fi òfin yẹn sọ́kàn. A óò tún padà bá a.

Ẹjọ́ Heller kò ṣèèṣì wáyé. Robert Levy, oníṣòwò tó lówó lọ́wọ́, tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin nígbà tó ti dàgbà, ló fi owó ara rẹ̀ gbé e, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ kò ní ìbọn rí. Òun àti Clark Neily àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá àwọn tí yóò pẹjọ́ kiri Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà tó tún ń jẹ́ District of Columbia, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ wá ọkùnrin àti obìnrin, dúdú àti funfun. Wọ́n rí ènìyàn mẹ́fà. Alan Gura ni wọ́n gbé ẹjọ́ lé lọ́wọ́, amòfin tí kò tíì dúró níwájú Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ rí. Ẹgbẹ́ NRA, tí gbogbo ayé mọ̀ sí agbẹnusọ oníbọn, kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ẹjọ́ bá wó, yóò wó fún gbogbo ènìyàn títí láé.

Òfin tí wọ́n fẹ́ wó le gan-an. Láti 1976, ẹnikẹ́ni kò lè forúkọ ìbọn ìléwọ́ tuntun sílẹ̀ ní Washington, ìbọn ìléwọ́ tí kò sì ní orúkọ nínú ìwé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìbọn gígùn inú ilé gbọ́dọ̀ wà láìní ọta nínú, kí a tú u palẹ̀ tàbí kí a ti i pa. Àwọn tó ṣe òfin yìí kì í ṣe àlejò ní ìlú. Ìgbìmọ̀ ìlú àkọ́kọ́ tí àwọn ará Washington fi ìbò yàn fúnra wọn ni, lẹ́yìn tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ fi gbà pé kí wọ́n máa ṣàkóso ara wọn. Ènìyàn dúdú ló sì pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kú, wọ́n wá ṣe ohun tí wọ́n rò pé yóò dá a dúró.

Orúkọ tó kọ́kọ́ wà lórí ẹjọ́ ni Shelly Parker, obìnrin dúdú tó kojú àwọn tó ń ta oògùn olóró ní àdúgbò rẹ̀, tí wọ́n sì ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ da ẹjọ́ nù ní 2004. Ní 2007, Adájọ́ Laurence Silberman ní Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn gbé e dìde, ṣùgbọ́n ó yọ ènìyàn márùn-ún kúrò nítorí pé kò sí ẹni tó ti lọ bèèrè ìwé àṣẹ nínú wọn tí ìjọba sì kọ̀ fún. Dick Heller nìkan ló ṣẹ́ kù. Ẹ̀ṣọ́ ni, ìbọn ìléwọ́ sì ń bẹ ní ìgbáròkó rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán ní ilé iṣẹ́ àwọn ilé ẹjọ́ àpapọ̀; bí ó bá di alẹ́, ó fi í sílẹ̀ kí ó tó lọ sílé. Ó ti kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n sì ti dá a padà. Ó máa ń dùn mí pé orúkọ Parker kúrò níbẹ̀. Ká ní orúkọ obìnrin yìí ló ń jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn nígbàkigbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí ìbọn, bóyá ìjiyàn náà ì bá ti gba ọ̀nà mìíràn.

Antonin Scalia ló kọ ìdájọ́ àwọn márùn-ún. Apá kejì gbólóhùn náà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ní apá àkọ́kọ́ sọ ìdí tí wọ́n fi kọ ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀, kò sọ ibi tí ẹ̀tọ́ náà mọ. Ó ní ẹ̀tọ́ láti gbèjà ara ẹni ti wà kí ìwé òfin tó wà, pé ìbọn ìléwọ́ ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń yàn láti fi dáàbò bo ilé wọn, ìlú kan kò sì lè kà á léèwọ̀ pátápátá. Ibi tó dá ẹjọ́ dúró nìyẹn: ìbọn ìléwọ́, nínú ilé, fún ìgbèjà ara ẹni.

Ṣùgbọ́n ó fi ìpínrọ̀ kan sí i tí àwọn tó ń yin ìdájọ́ náà kì í fẹ́ kà síta. Ó ní ẹ̀tọ́ yìí, bí ẹ̀tọ́ yòókù, ní ààlà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ìdájọ́ náà láti ṣiyèméjì lórí òfin tó ka ìbọn léèwọ̀ fún ọ̀daràn paraku àti ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí òfin tó ka gbígbé e wọ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ ìjọba léèwọ̀, tàbí èyí tó ń ṣètò títa ìbọn. Ó tún sọ pé òfin lórí bí a ṣe ń tọ́jú ìbọn kí jàǹbá má baà ṣẹlẹ̀ kò sí nínú ohun tí òun ń wó. Adájọ́ John Paul Stevens sọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé òun bá Anthony Kennedy, ọ̀kan lára àwọn márùn-ún náà, sọ̀rọ̀, Kennedy sì ní kí Scalia ṣe àwọn àyípadà pàtàkì kí òun tó fọwọ́ sí i.

Stevens fúnra rẹ̀ kọ ìdájọ́ àtakò. Ó ní iṣẹ́ ológun ni àwọn tó kọ òfin náà ní lọ́kàn, àti pé Miller ti parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ èdè kó ìwé ayé ọjọ́un jọ sínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà, Dennis Baron tó yẹ̀ wọ́n wò rí i pé ọ̀rọ̀ ológun ni wọ́n máa ń fi gbólóhùn “gbé ohun ìjà” sọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹ̀rí tó wúwo ni, ṣùgbọ́n èmi kò rò pé ó tó láti sọ àwọn ènìyàn di ẹgbẹ́ ọmọ ogun.

Àtakò tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Stephen Breyer. Ó ní ká tilẹ̀ gbà pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni, ta ló yẹ kí ó wọn ikú tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú mọ́ ẹ̀tọ́ yẹn? Ṣé adájọ́ mẹ́sàn-án ni, àbí àwọn tí aráàlú dìbò yàn? Kò sí ẹni tó dá a lóhùn yékéyéké títí di òní. Ó sì yani lẹ́nu pé láàárín àwọn adájọ́ tí wọ́n jọ ní èrò bíi ti Scalia pàápàá, ẹnì kan béèrè ohun kan náà. J. Harvie Wilkinson, tí Ààrẹ Reagan yàn sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, kọ ọ́ ní 2009 pé Heller dà bí Roe v. Wade lórí oyún: àwọn adájọ́ gba ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ olùdìbò lórí ìwé tí kò là kedere.

Ìtàn ènìyàn dúdú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mi ò lè sáré kọjá. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú tí Àtúnṣe Kejì dárúkọ, ní ìhà gúúsù, iṣẹ́ rẹ̀ àti iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ẹrú lóru wọnú ara wọn. Wọ́n á wọ ahéré ẹrú, wọ́n á tú u wò bóyá ohun ìjà wà níbẹ̀. Ní 1857, nínú ẹjọ́ Dred Scott, Olórí Adájọ́ Roger Taney ka ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá pe ènìyàn dúdú ní ọmọ orílẹ̀-èdè: wọn á máa rìn fàlàlà láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, wọn á máa sọ̀rọ̀ ní gbangba, wọn á sì máa gbé ohun ìjà lọ sí ibi tó bá wù wọ́n. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn, ó sì wà lára ìdí tó fi ní wọn kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó kórìíra òmìnira wa jù gbà láìjiyàn pé ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ohun ìjà.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1865, Mississippi ṣe òfin pé ẹrú tó di òmìnira kò gbọdọ̀ ní ìbọn láìgba àṣẹ. Ní 1873, ní Colfax ní Louisiana, ní ọjọ́ Àjíǹde, àwọn aláwọ̀ funfun pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin dúdú tí wọ́n dúró láti dáàbò bo ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, àwọn kan lẹ́yìn tí wọ́n ti túúbá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé àwọn apànìyàn náà lọ sílé ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá wọn sílẹ̀ ní 1876 nínú ẹjọ́ Cruikshank, ó ní ìjọba àpapọ̀ nìkan ni Àtúnṣe Kejì dè. Ní 1956, wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé Martin Luther King ní Montgomery. Ó lọ bèèrè ìwé àṣẹ láti gbé ìbọn, wọn kò fún un. Ní 1967, àwọn Black Panther gbé ìbọn wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin California. Gómìnà Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin Mulford tó fi òpin sí gbígbé ìbọn tó ní ọta ní gbangba. Àwọn tó wá di alágbàwí ìbọn lẹ́yìn náà kò rí ohun tó burú nínú òfin ìbọn nígbà tí ọwọ́ dúdú ló gbé e.

Nítorí náà ni ẹjọ́ McDonald ti ọdún 2010 fi wúwo lójú mi ju Heller lọ. Washington kì í ṣe ìpínlẹ̀, kò sì tíì dájú pé Heller de àwọn ìpínlẹ̀. Otis McDonald, bàbá dúdú tó ti lé ní ẹni ọdún 70, tó kúrò ní Louisiana ní ọmọ ọdún 17, tí àwọn olè ti fọ́ ilé rẹ̀ léraléra ní Chicago, ló pẹjọ́ ta ko òfin tó ka ìbọn ìléwọ́ léèwọ̀ níbẹ̀ láti 1982. Ó jàre, 5 sí 4. Samuel Alito tó kọ ìdájọ́ náà ka ìtàn àwọn tó bọ́ lóko ẹrú tí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ wọn. Clarence Thomas kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì pẹ́ lórí Colfax àti Cruikshank. Mi ò fara mọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan tí Thomas ń kọ, ṣùgbọ́n ojú ewé wọ̀nyẹn yẹ ní kíkà.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wí pé ènìyàn dúdú wà ní apá kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ Washington tó ṣòfin ní 1976, dúdú ni. Parker àti McDonald tó ta ko irú òfin bẹ́ẹ̀, dúdú ni. Àwọn agbẹjọ́rò aláìní ní Bronx, tí wọ́n ń rí àwọn ọmọ dúdú tó ń wẹ̀wọ̀n lórí ìbọn tí kò ní ìwé àṣẹ, kọ̀wé gbe àwọn tó fẹ́ wó òfin gbígbé ìbọn ti New York ní 2021.

Láàárín Heller àti 2022, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó wó. Àwọn ilé ẹjọ́ ń bèèrè bí òfin kan ṣe kan ẹ̀tọ́ náà tó àti èrè tó wà níbẹ̀ fún ààbò ìlú. Eric Ruben àti Joseph Blocher ṣírò àwọn ẹjọ́ náà títí dé 2016. Nínú ẹ̀sùn tó lé ní 1,000, nǹkan bí 9 nínú ọgọ́rùn-ún ló yọrí sí rere fún oníbọn. Èmi rò pé bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ Bruen dé, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà 2022, 6 sí 3. Òfin New York tó ti wà láti 1913 ní ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbọn ìléwọ́ jáde gbọ́dọ̀ ní ìdí pàtàkì. Thomas wó o. Ó ní kí adájọ́ má wọn èrè òfin mọ́: ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé òfin náà bá àṣà ìtàn ilẹ̀ náà mu. Ogójì ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n pa ènìyàn dúdú mẹ́wàá nínú ilé ìtajà ní Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York yìí kan náà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n pa ọmọ 19 àti olùkọ́ méjì ní Uvalde. Breyer bẹ̀rẹ̀ àtakò rẹ̀ pẹ̀lú iye àwọn tí ìbọn pa ní 2020: 45,222. Ní ọjọ́ kejì gan-an, ilé ẹjọ́ kan náà wó Roe, ó ní kí ọ̀rọ̀ oyún padà sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ wọ́n gba ọ̀rọ̀ ìbọn lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ní ọjọ́ Ẹtì wọ́n dá ti oyún padà fún wọn. Mi ò rí ìlànà tó so ọjọ́ méjèèjì pọ̀.

Ohun tí Bruen bí kò pẹ́ tó fi hàn. Òfin ìwà ipá nínú ilé tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, ti 1994, ilé ẹjọ́ ẹkùn Karùn-ún tó fi í sílẹ̀ ní 2001 wó o ní 2023 nínú ẹjọ́ Rahimi, nítorí pé kò sí òfin ayé àtijọ́ tó gba ìbọn lọ́wọ́ ọkọ tó ń lu ìyàwó. Kò lè sí! Ọ̀pọ̀ jù lọ obìnrin ìgbà náà kò lè dìbò, ohun ìní ìyàwó sì di ti ọkọ lábẹ́ òfin. Nínú àwọn ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba di ẹni tó ń wá àpẹẹrẹ kiri nínú òfin tó gba ìbọn lọ́wọ́ ẹrú, lọ́wọ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, kí ó lè fi gbèjà òfin tó ń dáàbò bo obìnrin. Èyí ló ń bí mi nínú jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: pé kí ìyà tí wọ́n fi jẹ wá di ẹ̀rí tí òfin rere nílò láti dúró.

Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá òfin náà padà ní oṣù Kẹfà 2024, 8 sí 1. Olórí Adájọ́ John Roberts ní kò pọn dandan kí òfin òní ní ìbejì láyé àtijọ́, ó tó kí ìlànà wọn jọra. Thomas, tó kọ Bruen, nìkan ló takò ó. Adájọ́ Ketanji Brown Jackson kọ̀wé pé àwọn ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ kò mọ ibi tí wọn yóò gbà mọ́.

Fún àwọn Yorùbá tó wà ní Lanham, Bowie àti Hyattsville ní Maryland, tí Washington jẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà fún wọn, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ mọ̀ pé lábẹ́ òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959, ìjọba ló ń fúnni láṣẹ. Ẹni tó ń bèèrè ló ń ṣàlàyé, títí kan ọdẹ oníṣakabùlà. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn Heller, ìjọba ló ń ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣìnà: òfin àpapọ̀ ka ìbọn léèwọ̀ fún ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà àlejò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, àfi àwọn àyàsọ́tọ̀ díẹ̀ bí ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ní green card lè ní i. Ní Maryland yìí náà ni wọ́n ti ka ọ̀pọ̀ irú ìbọn AR-15 léèwọ̀ ní 2013, lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọ 20 àti àgbàlagbà mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ Sandy Hook. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n pè ta ko òfin náà. Adájọ́ mẹ́ta fẹ́ gbọ́ ọ, Adájọ́ Brett Kavanaugh sì kọ ọ́ pé ó yẹ kí wọ́n gbọ́ irú rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun yòówù tí wọ́n bá sọ lórí AR-15, ìbọn ìléwọ́ inú ilé ló ń pa jù. Ó lé ní ìdajì nínú àwọn tí ìbọn ń pa ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi pa ara wọn, láti 2020 sì ni ìbọn ti di ohun tó ń pa ọmọdé àti ọ̀dọ́langba jù lọ níbẹ̀. Lórí èyí, Heller kò de ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Scalia fúnra rẹ̀ yọ òfin ìtọ́jú ìbọn sọ́tọ̀. Maryland ní òfin tó sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ìbọn síbi tí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé 18 lè tó o láìsí àbójútó. Àwọn ìpínlẹ̀ tí kò tíì ní irú rẹ̀ lè ṣe é lọ́la, láìdúró de adájọ́ kankan.